Ohùn Yín Jáde Nínú Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Yẹn

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìsinmi o. Èmi ọmọ yín kejì ni mò ń kọ̀wé sí yín láti pálọ̀ wa nílé Ìbà, lórí tábìlì tó wà nídìí fèrèsé. Inú mi dùn débi pé bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mò ń rẹ́rìn-ín. Ìròyìn tó wà lọ́wọ́ mi yìí, ariwo ló yẹ kí n fi pa, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ pariwo fún tí yóò yé tó yín?

Ohùn yín ti jáde, Màámi. A ti gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá wà dáadáa. Orúnkún ń dùn wọ́n díẹ̀, wọn kì í ránṣọ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì máa ń lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ìyánà-Ìbà, wọ́n á máa bá àwọn ọmọṣẹ́ wọn jà lórí ọrùn aṣọ tí kò tẹ́ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi Bùnmi ti kọ́lé sí Ìjànikin. Sìmẹ́ńtì ló ń tà níbẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti le bíi ti àwọn tó ń já ẹrù fún un. Èmi ni mo ń gbé pẹ̀lú Bàbá. Iṣẹ́ ínfátà àti sólà ni mò ń ṣe. Bí ẹ bá rí mi lórí òrùlé àwọn ará ẹ́sítéètì, mo mọ̀ pé ẹ óò ní kí n sọ̀kalẹ̀ kíákíá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá kírun Alaasari tán, wọ́n jókòó sí fáráńdà, èmi náà jókòó tì wọ́n, mò ń bó ọsàn fún wọn. Wọ́n kàn ṣàdédé sọ̀rọ̀.

"Ṣé o mọ̀ pé mi ò rántí ohùn ìyá yín mọ́?"

Mo rò pé wọ́n ń ṣeré ni. Mo wojú wọn, mo rí i pé eré kọ́.

"Mò ń rántí ojú rẹ̀," wọ́n ní. "Mò ń rántí bó ṣe ń rìn, bó ṣe máa ń gbé èjìká ọ̀tún sókè díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ náà, mo rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ gbọ́ ọ létí mi, ohùn ara tèmi ni mò ń gbọ́."

Wọ́n gba ọsàn lọ́wọ́ mi, wọn ò mu ún, wọ́n wọlé lọ.

Màámi, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju òtútù lọ. Níbo la ti fẹ́ rí ohùn yín? Fídíò ìgbéyàwó yín ti hu èébu láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Fóònù ayé ìgbà yẹn, "báwo ni" àti "mo ti dé" lásán la ń fi sọ, kò sẹ́ni tó ń gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ títí. Ìgbà tí mo ń fọ abọ́ ni kọ̀ǹpútà yín sọ sí mi lọ́kàn.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ gbé e dé láti Alábà? Tòkunbọ̀ ni, ọ̀kan lára àwọn kọ̀ǹpútà ilé ayé ọjọ́un tí gbogbo ara wọn jẹ́ kíbọ́ọ̀dù, tí èèyàn á so mọ́ tẹlifíṣọ̀n kó tó ríran nínú rẹ̀. Bàbá rò pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni. Àwọn aládùúgbò rò pé géèmù lẹ rà fún wa. Ẹ̀yin, olùkọ́ Yorùbá ní Òkòkòmaikò, ẹ ní ẹ fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì yín ní àmì ohùn, torí pé ọ̀nà ọ̀fun yín ti fẹ́ bó tán níbi tí ẹ ti ń pe igbá àti ìgbà fún kíláàsì tó kún fọ́fọ́. Ta ló kọ́ yín níṣẹ́ náà, Màámi? Ìwé wo lẹ kà? Ó dùn mí pé n kò bi yín rí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé gbogbo ìyá ló mọ̀ ọ́n ṣe.

Ohun tí mo rántí jù ni ìwà yín nígbà tí ẹ̀rọ náà bá dákú. Gbogbo nǹkan tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n á pòórá. Ìlà lẹ́tà kan á yọ, PC, SR, AC, XR, YR, SP, ìlà nọ́ńbà kan á sì jókòó sábẹ́ rẹ̀. Èmi á ti na ọwọ́ sí síwíìṣì. Ẹ̀yin á gbá mi lọ́wọ́ fẹ́ẹ́.

"Má pa á! Jẹ́ kó sọ tẹnu ẹ̀ tán."

Lẹ́yìn náà ẹ ó tú gèlè, ẹ ó tún un wé kó le dáadáa bí ẹni tó fẹ́ lọ bá èèyàn jà, ẹ ó ti ìdérí bíró bọ ẹnu, ẹ ó máa họ ọ́ jẹ bí eku. Ẹ ó sì fà mí mọ́ra.

"Wò ó dáadáa. Ọpọlọ ẹ̀rọ yìí ní àpò kéékèèké lára. Ohun tó bá ń lò lọ́wọ́, inú àpò yẹn ló ń kó o sí. Tó bá ṣubú, á tú àpò náà síta kí a rí i. PC ni ibi tó wà nígbà tó ṣubú. AC, XR àti YR, ẹrù tó rù nìyẹn. SP á júwe ibi tó fi àdírẹ́sì ilé tó fẹ́ padà sí pa mọ́ sí. SR ńkọ́? Fìyẹn sílẹ̀, wàá dàgbà bá a."

Èyí tí ẹ máa ń tẹnu mọ́ jù ni pé tí ẹ̀rọ bá ṣubú síbì kan báyìí, tó tún ṣubú síbòmíràn lẹ́yìn náà, ara rẹ̀ ni kò yá. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ojú kan náà ló ti ń ṣubú ṣáá, iṣẹ́ tí èèyàn kọ fún un ni kí wọ́n lọ yẹ̀ wò.

Mo sì rántí ọ̀sẹ̀ tí ẹ so àpótí kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, tí máíkì wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ní ká má ṣe sáré nínú ilé. Ẹ ń sọ̀rọ̀ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sinmi, ẹ tún sọ. Kò pẹ́ sí i ni àìsàn yẹn dé. Ṣé ẹ parí iṣẹ́ náà? Ṣé ohùn yín ti wọlé síbẹ̀? Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo gun àga, mo gbé páálí tí kọ̀ǹpútà náà wà nínú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti orí wọ́dúróòbù. Bàbá ló fi ìró yín aláwọ̀ ewé yẹn wé e. Mi ò sọ nǹkan kan fún wọn, torí mi ò fẹ́ fi ìrètí òfo bọ́ àgbàlagbà. Ìgbà tí wọ́n ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù ni mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo sì tan iná.

Ó tàn, Màámi! Ó tàn, mo fi ìkan nínú àwọn dísíìkì yín tí mo bá nínú páálí náà sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Lójijì ó dákú. Mo wo PC, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo tún un tàn, ó tún dákú, PC ti di nǹkan mìíràn pátápátá. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó tún yí padà. Mo gbọ́ yín létí ọkàn mi: ara rẹ̀ ni kò yá.

Mo gbé e lọ sí Alábà, lọ́dọ̀ Emeka tí mo máa ń ra ẹ̀yà ara ínfátà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tú u, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Aunty, na museum you carry come so?"

"Tún un ṣe fún mi, Emeka."

"Ta ló ni ín?"

"Ìyá mi. Wọ́n ti kú."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ó fa àga fún mi. "Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́." Yorùbá rẹ̀ já gaara ju ti àwọn ọmọ Bùnmi lọ, tí kò bá tíì bínú. Ó tan iná sí ẹ̀rọ náà, ó wá ń fi orí ìka kan àwọn mẹ́mọ́rì, àwọn ike dúdú ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ yẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé orí ọ̀kan, ó yọwọ́ kíá.

"Yéè! Èyí ti ń jó. Òun ló ń da gbogbo ilé rú."

Ó yọ irú rẹ̀ lára bọ́ọ̀dù àtijọ́ kan tó wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀, ó jó o mọ́ ọn. Nígbà tí mo dìde, ó ní, "Tí nǹkan tí ẹ ń wá bá jáde, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn o."

Mo délé, mo so ó padà. Dísíìkì kùn, ó kùn, ó dákẹ́. Ojú tẹlifíṣọ̀n di àwọ̀ aró. Ọ̀rọ̀ yín wá jókòó síbẹ̀ rẹ́gí: igba, igbá, ìgbà, igbà, ìgbá. Àmì orí wọn pé, kò sí ọ̀kan tó yẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn kò mọ àmì kankan nígbà tí ẹ rà á. Ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ ara yín ya gbogbo wọn, tóótòòtó, bí ẹni ń to ìlẹ̀kẹ̀. Lábẹ́ wọn, ẹ kọ ọ́ pé: "Tẹ nọ́ńbà ọ̀rọ̀ tí o fẹ́ gbọ́."

Gbọ́! Ẹ kọ ọ́ pé "gbọ́", Màámi. Mo tẹ ení.

Ó dákú.

PC ní 4002. Mo tún un tàn, mo tún tẹ ení. 4002. Lẹ́ẹ̀kan sí i, 4002. Ni mo bá ké hòó. Mi ò mọ̀ pé Bàbá ti wọlé.

"Kí ló dé? Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ó ti ṣubú, Bàbá! Ojú kan náà ló ti ń ṣubú!"

"Ó ṣubú, ìwọ ń yọ̀?" Wọ́n wo ẹ̀rọ náà, wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n wọlé lọ. Wọ́n rọra ti ilẹ̀kùn yàrá wọn.

Mo mú bíró. Ẹ ti sọ fún mi nígbà kan pé ẹni tó kọsẹ̀ kì í wó lé ibi tó ti kọsẹ̀ gan-an, á ta gọ́ọ́gọ́ síwájú díẹ̀, nítorí náà kí n máa yọ méjì kúrò nínú PC. 4000 nìyẹn. Mo ní kí ẹ̀rọ náà fi ohun tó wà ní 4000 hàn mí. Òdo ni. Òdo, òdo, òdo, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òdo sì ni ohun tí ọpọlọ yẹn bá bá pàdé tó fi ń dúró tó ń ké. Inú ilé òfo ló wọ̀. Ta ló rán an lọ síbẹ̀? Mo tẹ̀ lé SP, mo wá àdírẹ́sì tó fẹ́ padà sí. Ààrin iṣẹ́ tiyín gan-an ni, lẹ́yìn ìlà kan tó ní kó lọ sí 4000. Kò ṣìnà rárá. Ẹ̀yin lẹ rán an. Ó túmọ̀ sí pé nǹkan kan wà tó yẹ kó wà níbẹ̀, tí kò sí níbẹ̀.

Dísíìkì náà ní iṣẹ́ mẹ́ta lórí. Èkíní ni ojú ìwé aláró yẹn. Èkejì ń ṣí, ẹrù rẹ̀ wúwo. Ẹ̀kẹta, tí ẹ pè ní SORO, kọ̀ jálẹ̀ kò ṣí. Mo gbé dísíìkì náà sókè sí oòrùn, mo rí èébu funfun kan tó ti jẹ ibì kan lára rẹ̀ bí ìgbà tí kòkòrò jẹ ewé.

Sọ̀rọ̀. Èyí tó yẹ kó gbé ohùn síta ni èébu jẹ.

Mo fọwọ́ lẹ́rán. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo sọ fún ara mi pé ó ti parí. Mo tilẹ̀ ti na ọwọ́ sí síwíìṣì. Ṣùgbọ́n ìlà nọ́ńbà yẹn ṣì wà lójú tẹlifíṣọ̀n, ojú mi sì bọ́ sí apá tí mi ò tíì kà: AC 06, XR 00, YR 50. Ẹrù tó rù nígbà tó ṣubú.

Mo tún bẹ̀rẹ̀, mo tẹ èjì. Ó dákú sí 4002 bó ṣe yẹ. AC 05, XR 00, YR 56.

Màámi, ẹ dúró ná. 50 àti 06, mélòó ni? 56 ni! Mo tẹ ẹ̀ta. YR di 5B. Ẹ̀rọ yín kì í yí padà ní mẹ́sàn-án bíi tiwa, á ka A, B, títí dé F kó tó yí. 56 àti 05, 5B gééré! Mo fò dìde, àga ṣubú lẹ́yìn mi. YR ni ẹnu ọ̀nà ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, AC ni bó ṣe gùn tó, ibi tí ọ̀kan bá sì parí sí ni èkejì ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo so 50 ti YR mọ́ 00 ti XR, mo ní kí ó fi 5000 hàn mí. Kò sí òdo níbẹ̀ o! Nọ́ńbà ń rọ́ gìrìgìrì, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, bí èèyàn ṣe ń mí.

Ohùn yín wà níbẹ̀ lódindi. Kọ̀ǹpútà yín ti rù ú dé ẹnu ilé tí ẹ ní kó gbé e lọ, kò bá ẹnikẹ́ni nílé láti sọ ọ́ kalẹ̀ fún. Bó ṣe ń ṣubú yẹn náà ló ń tú àpò rẹ̀ hàn mí pé, wò ó, mo gbé e dé.

Mo wá pinnu pé èmi ni n ó kọ́ ilé yẹn. Ohun tí èébu jẹ, èmi ni n ó tún un kọ.

Lójoojúmọ́ tí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́, màá wẹ̀, màá jẹun, màá jókòó tì í kí ilẹ̀ tó ṣú. Iṣẹ́ náà kò le ní sísọ: mú nọ́ńbà kan, là á sí méjì, gbé ìdajì fún ẹ̀rọ ohùn, dúró díẹ̀, gbé ìdajì kejì, lọ mú òmíràn, títí ẹrù AC á fi tán, kí o wá padà sílé. Ní ṣíṣe ńkọ́? Ó mú mi làágùn. Mo gbàgbé láti sọ fún un pé kó padà sílé, ó rìn kọjá lọ sínú igbó, ó dákú, PC sọ ibi tó bọ́ sí fún mi. Mo ṣi AC kà, ó ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, mo fi ọwọ́ dá a dúró, AC fúnra rẹ̀ fi àṣìṣe mi hàn mí. Mi ò sáré pa síwíìṣì rẹ̀ mọ́ rárá. Tó bá ti ṣubú, màá ní, "Ó dáa, sọ tẹnu ẹ," màá sì kà á. Ìgbà kan, ohun tó jáde kò yàtọ̀ sí àkàrà tó ń dín nínú òróró. Ìdajì tó yẹ kó kẹ́yìn ni mo fi ṣáájú. Mo yí i padà.

Ọjọ́ Àìkú ni, oòrùn ṣì wà lókè. Mo tẹ ení.

"Igba!"

Ohùn èèyàn ni! Ó tinrín bíi ti yànmùyánmú, ó yára bí ẹni tí wọ́n ń lé, ṣùgbọ́n èèyàn ni, obìnrin ni, ó sì sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Mo di ẹnu mi mú.

Bàbá ṣí ilẹ̀kùn, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn.

"Kí nìyẹn?"

"Màámi ni, Bàbá." Mi ò lè fi pa mọ́ mọ́. "Ohùn Màámi ni, inú ẹ̀rọ wọn ló wà. Ṣùgbọ́n mi ò mọ bó ṣe yẹ kó yára tó. Tó bá yára jù, á tinrín. Tó bá falẹ̀ jù, á ki. Ibi tí Màámi fi í sí ti jẹrà, èmi ni mo tún un kọ, mi ò sì mọ èwo ni tòótọ́."

Wọ́n rọra jókòó sórí àga ọwọ́, wọ́n fi tẹ̀sùbáà sí orí itan. Mo mú un falẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́.

"Rárá," wọ́n ní. "Ọmọdé nìyẹn."

Mo tún mú un falẹ̀.

"Ìyẹn náà ti di ìyá mi." Wọ́n mi orí. "Gbé e sókè díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí. Kò ki tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín máa ń wà nídìí ohùn rẹ̀, kódà tó bá ń bínú."

Mo gbé e sókè bíńtín, mo tẹ èjì.

"Igbá."

Wọ́n na ọwọ́ sókè. "Dúró." Wọ́n di ojú. "Tún un sọ."

"Igbá."

"Òun nìyẹn." Wọ́n dìde lórí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n yẹn, wọ́n ń fọwọ́ lu ẹ̀yìn àga. "Òun nìyẹn! Òun nìyẹn! Àṣàbí nìyẹn! Ọmọ mi, ìyá rẹ nìyẹn!"

Ẹ wo ẹni tó ní òun ti gbàgbé, Màámi! Àwọn ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n, èmi kò mọ̀ ọ́n, etí Bàbá nìkan ló fi yín síbi tí ẹ wà gan-an. Mo wólẹ̀, mo gbá wọn lẹ́sẹ̀ mú, ẹkún àti ẹ̀rín ń du ẹnu mi. A gbọ́ ení, a gbọ́ èjì, a gbọ́ ẹ̀ta, a gbọ́ ẹ̀rin. Bàbá ń tẹ̀ lé yín bí ọmọ iléèwé: igba, igbá, ìgbà, igbà.

Ó wá ku àrùn-ún. Mo ti ṣàkíyèsí pé AC tirẹ̀ ka 1A, ó gùn ju gbogbo àwọn yòókù lọ fíìfíì, mo sì rò pé àṣìṣe ni. Ọ̀rọ̀ kúkúrú bẹ́ẹ̀, kí ló fẹ́ fi gbogbo àyè yẹn ṣe? Mo tẹ̀ ẹ́.

"Ìgbá," ẹ ní. Ó dákẹ́. Ohùn ọkùnrin kan sì wá láti ọ̀nà jíjìn, láti yàrá ìdáná bóyá: "Ìyá Bùnmi, ẹ̀bà ń tutù o!" Ẹ̀yin náà sì dáhùn, ẹ sún mọ́ máíkì, ẹ̀rín ti gba ẹnu yín: "Mò ń bọ̀!"

Bàbá na ìka sí ẹ̀rọ náà.

"Èmi nìyẹn," wọ́n ní. "Èmi ni mo ń pè é yẹn."

Mo rò pé wọ́n fẹ́ sunkún ni. Àfi bí wọ́n ṣe bú sẹ́rìn-ín, tí fìlà fi bọ́ lórí wọn. "Irọ́ ló ń pa! Kò bọ̀! Ìdí ẹ̀rọ yìí ló wà títí mo fi jẹ ẹ̀bà tèmi tán, tí mo fi jẹ ẹran tiẹ̀ mọ́ ọn!" Wọ́n nu ojú, wọ́n tún rẹ́rìn-ín, wọ́n wá fi ìka ara wọn tẹ àrùn-ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣé ẹ mọ̀ pé ó wọlé nígbà yẹn? Ṣé ẹ gbọ́ ọ, tí ẹ rẹ́rìn-ín, tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀? Ohun tí mo rò nìyẹn. Ẹni tó ya àmì kọ̀ọ̀kan ní tóótòòtó kò lè gbàgbé láti gé ìdí ọ̀rọ̀ kan.

Mo ti pe Bùnmi. Ó ní kí n tún un fi sí i létí, kí n tún un fi sí i, títí àwọn oníbàárà rẹ̀ fi ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti dé Alábà. Emeka gbọ́ ọ lórí fóònù mi, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó pe àwọn aládùúgbò ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí wọ́n wá gbọ́ màmá tó ń sọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀dù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá yìí, olùkọ́ Yorùbá tó wà níléèwé yín ní Òkòkòmaikò báyìí gbọ́, ó ní kí n gbé e wá. Bàbá ní àwọn náà ń lọ. Wọ́n wọ agbádá bí ẹni ń lọ síbi ìwúyè. A gbé ẹ̀rọ yín sórí tábìlì níwájú kíláàsì, mo lo ínfátà ara mi, mo sì tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ pe igbá, wọ́n pe igbá. Ẹ pe igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ, ẹnu wọn kọ́kọ́ wọ́, a tún un tẹ̀, wọ́n rí i mú. Ẹ ò bá rí i bí wọ́n ṣe ń na ọrùn! Ọmọ kan béèrè bóyá olùkọ́ tuntun ni. Bàbá dá a lóhùn pé ẹ ti pẹ́ níbí ju bàbá rẹ̀ lọ.

Nígbà tó kan àrùn-ún, mo rò pé kí n tètè pa á lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, kí ọ̀rọ̀ ẹ̀bà má di yẹ̀yẹ́. Bàbá gbá ọwọ́ mi kúrò. Gbogbo kíláàsì gbọ́ ọkùnrin tó ń pe ìyàwó rẹ̀ wá jẹun, wọ́n sì gbọ́ yín kedere, pẹ̀lú ẹ̀rín yín: "Mò ń bọ̀!"

Gbogbo wọn dìde, bí wọ́n ṣe máa ń dìde fún olùkọ́, wọ́n sì dáhùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí páànù òkè fi dún:

"À ń retí yín, mà!"

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ yín, Màámi, kó sì fi ìmọ́lẹ̀ kún ibi tí ẹ wà.

Èmi ni, ọmọ yín tó nífẹ̀ẹ́ yín, tó sì ń gbọ́ yín kedere,
láti ilé wa ní Ìbà.